Bí Windows àti Linux Ṣe Lè Jọ Gbé Inú Kọ̀ǹpútà Kan

Ẹ kú ojúmọ́ o. Mọ́kọ́lá níbí, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ẹ ń wò yìí, ìdílé kan ló ni ín. Bàbá ń fi Windows ṣe ìṣirò ọjà, ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, kọ́ iṣẹ́ prógíráàmù, owó kọ̀ǹpútà kejì ò sì sí nílẹ̀. Ubuntu 24.04, ọ̀kan lára oríṣi Linux, la máa kó sí ẹ̀gbẹ́ Windows, a ò ní pa nǹkan kan rẹ́.

Inú Windows gan-an la ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sáré kọjá, ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ sórí háàdì mìíràn. Ẹ wá wò ó bóyá BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa, wà lórí ẹ̀rọ yín. Tó bá wà, ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé, nọ́ńbà 48. Ó gùn lóòótọ́, ẹ ṣáà kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa BitLocker, ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi tú dísìkì tán.

Ó kan èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ wọ Control Panel, Power Options, Choose what the power buttons do. Ẹ rí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tó wà lókè yìí? Change settings that are currently unavailable. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ báyìí: máàkì wà níwájú Turn on fast startup. Ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ Save changes.

Ìdí nìyí. Tí fast startup bá wà, Windows kì í kú tán nígbà tí ẹ bá pa á. Ó ṣì di C, apá dísìkì tí òun wà, mú. Ó dà bí ayálégbé tó rìnrìn àjò tó sì mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná dání. Linux á dé, á ka fáìlì tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbà láti kọ ohunkóhun sí i. Ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀, torí bó bá kọ ọ́, fáìlì lè bàjẹ́.

Ká wá àyè fún Ubuntu wàyí. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Disk Management. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún náà tẹ C, ẹ yan Shrink Volume. MB ló ń kà, nítorí náà mo kọ 60000, bíi 60GB. Ubuntu ní 25GB tó òun, ṣùgbọ́n ẹ má há a mọ́. Àyè tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fọ́máàtì rẹ̀.

Fáìlì Ubuntu tó bíi 6GB. Dátà òru ni kí ẹ fi wà á. Ẹ wá fíláàṣì 8GB tó ṣófo, ẹ fi Rufus, ètò tó ń sọ fíláàṣì di èyí tí kọ̀ǹpútà lè ti tàn, kó o sí i. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ máa tẹ F12 tó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 tó bá jẹ́ HP, kí ẹ sì yan fíláàṣì.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: iná. Láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì kún. Dẹ́sítọ́ọ̀pù, àfi orí ínfátà. Kí wọ́n mú iná lọ nígbà tí dísìkì ń pín, kì í ṣe ohun téèyàn ń fẹ́.

Tí Ubuntu bá tàn láti orí fíláàṣì, á máa bi yín bó ṣe máa wọlé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló léwu níbẹ̀. Install Ubuntu alongside Windows ni kí ẹ yàn. Erase disk, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ìyókù, ẹ máa tẹ Next lọ.

Tó bá tàn padà, ẹ ó rí àkójọ tó ń bi yín èwo lẹ fẹ́. Tó bá jẹ́ inú Windows ló gbà lọ tààrà, ẹ wọ BIOS, ètò tí ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ ṣí kó tó gbé Windows tàbí Ubuntu wá, ẹ gbé Ubuntu ṣíwájú.

Aago ló kù. Linux ń fi aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé, sínú ẹ̀rọ, Windows sì gbà pé aago ìlú ló wà níbẹ̀. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Torí náà, tí ẹ bá ti Linux bọ́ sí Windows ní aago méjì ọ̀sán, aago kan ló máa sọ fún yín. Ìpàdé Zoom lè ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ ṣí Terminal, ojú ibi tí à ń kọ àṣẹ sí, ní Ubuntu, ẹ kọ:

timedatectl set-local-rtc 1

Ó parí. Ubuntu lè kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tiyín ni kí ẹ ṣe.

Bàbá ò fẹ́ máa yan Windows ní gbogbo ìgbà, ọmọ náà ò sì fẹ́ máa yan Ubuntu. GRUB ni ètò tó ń gbé àkójọ yẹn wá. Nínú Terminal, ẹ kọ sudo nano /etc/default/grub. Ẹ yí GRUB_DEFAULT sí saved, ẹ fi GRUB_SAVEDEFAULT=true sí abẹ́ rẹ̀. Bí Windows ò bá sí nínú àkójọ, ẹ fi GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false kún un. Ẹ tẹ Ctrl+O àti Enter láti fi í pamọ́, Ctrl+X láti jáde. Ẹ wá kọ sudo update-grub. Láti ìsinsìnyí lọ, èyí tí wọ́n lò kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà á máa gbé wá.