Kí Ló Ṣe Eyín Ọmọ Yìí?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú ìjókòó.

Bí ọmọ ọdún 7 bá la ẹnu, tí eyín èrìgì rẹ̀ tuntun, eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ, pọ́n rúsúrúsú, tó sì ń rún wómúwómú, ohun tí àgbà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ohun dídùn ló ń jẹ jù." Wọn a bá ọmọ wí, wọn a fipá fọ ẹnu rẹ̀, omi tútù a kan eyín, ọmọ a bú sẹ́kún. Mo fẹ́ gbèjà ọmọ náà lónìí. Ọ̀pọ̀ irú eyín bẹ́ẹ̀ ló ti ní àlébù kó tó yọ rárá.

Eyín èrìgì tó ń yọ ní nǹkan bí ọdún 6 ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì láti ìgbà ìbí. Kí ọmọ tó pé ọdún 3 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ẹnámẹ́lì rẹ̀, ìyẹn awọ funfun líle tó bo eyín, ti parí sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣe ẹnámẹ́lì kì í sí mọ́ tí eyín bá yọ, nítorí náà ara kò lè tún un ṣe. Bí amọ̀kòkò bá fìka tẹ amọ̀ tútù, iná kì í pa ojú ìka náà rẹ́.

Ìbéèrè ni a fi ń mọ ohun tó fa àlébù náà. Eyín wo ni? Ṣé ẹyọ kan ni àbí gbogbo rẹ̀? Ṣé eyín ọmú náà rí bẹ́ẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, mo máa ń béèrè nípa eyín ọmú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ṣé ó kó ọyún, àbí ọmọ ṣubú fẹnu gbálẹ̀? Ọyún eyín ọmú a máa ba èyí tó ń dàgbà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nítorí èyí ni inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ pé, "Ẹ fi sílẹ̀, yóò sáà bọ́."

Bó bá jẹ́ èrìgì àkọ́kọ́ ni, nígbà mìíràn pẹ̀lú eyín iwájú, tí àbàwọ́n funfun tàbí rúsúrúsú ní ààlà tó hàn kedere, MIH ni, ìyẹn ẹnámẹ́lì èrìgì àti eyín iwájú tí kò le tó; ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ yìí. Bó bá kan gbogbo eyín lọ́tùn-ún lósì, tí funfun náà sì fọ́n káàkiri láìní ààlà, ẹ béèrè omi tí ọmọ mu dàgbà. Àpọ̀jù èròjà floráìdì inú omi ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau. Bí bàbá tàbí ìyá ní irú rẹ̀, àjogúnbá ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Tí eyín bá ní àwọ̀ búráùn tó dà mọ́ búlúù, tó sì ń jẹ tán kíákíá, mo máa ń béèrè bóyá egungun ọmọ ti ń ṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, torí àìsàn egungun kan wà tó ń bá a rìn.

Èjì ńkọ́? Ẹwà ni lọ́dọ̀ wa, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni dí i. Àmọ́ bí eyín iwájú kan bá yọ, tí ìkejì rẹ̀ kò jáde lẹ́yìn oṣù 6, ẹ jẹ́ kí a ya X-ray. Eyín àlékún lè wà nínú egungun tó ń dí i lọ́nà.

Ní ti ìtọ́jú MIH, ẹ mọ̀ pé eyín náà ń dun ọmọ gan-an, abẹ́rẹ́ tí a fi ń pa ìrora eyín kì í sì í tètè mú un. Ọmọ tó ń sunkún kò ya aláìgbọràn. Bó bá mọ níwọ̀n, a ó fi floráìdì kùn ún, a ó sì dí ojú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà há síbẹ̀. Bó bá ti ń rún, ìdérí onírin la fi ń bò ó. Bí kò bá ṣeé gbà là, yíyọ ló kù, ó sì ní àkókò: láàárín ọdún 8 sí 10, kí èrìgì kejì tó jáde, ni X-ray máa ń fi hàn bóyá ó ti tó ìgbà. Èrìgì kejì yóò lè sún wá síwájú gba ipò rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó kọjá ìgbà yẹn, àlàfo lè ṣẹ́ kù níbẹ̀.