Ta Ni Ká Lọ Bá, Kí Ni Ká Mú Lọ́wọ́? Ìrànwọ́ fún Ẹni Tó Ní Jẹjẹrẹ Ọyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi

Òkun o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, pẹ̀lú ẹ̀yin bàbá díẹ̀ tí ẹ sin ìyàwó yín wá. Ohun tí mo bá yín sọ ní Kábà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, kí àwọn tó wà ní Ìsánlú, Ìyàrà àti ìgbèríko Bùnú tí ọ̀nà ò jẹ́ kí wọ́n wá lè rí i kà. Mi ò ní pẹ́ lórí bí a ṣe ń fọwọ́ yẹ ọyàn wò. Gbogbo oṣù kẹwàá la ń gbọ́ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà bá sọ pé jẹjẹrẹ ni, ọjọ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu gbogbo wa. Ta ni kí obìnrin náà lọ bá lọ́jọ́ kejì? Kí ni kó mú lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé kò sí ìrànwọ́ kankan. Ó wà. Kò pọ̀ tó, kò sì sí lẹ́nu ọ̀nà wa níbí: òmíràn wà ní Ìlọrin, òmíràn wà ní Àbújá, ìyókù wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, ìwé ni mo rí tó ń ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, àánú rẹ̀ lè ṣe wọ́n, síbẹ̀ wọn ò ní rí nǹkan kan ṣe fún un.

Èsì báyópsì ni ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá gba ẹran bíńtín nínú kókó tó wà nínú ọyàn, wọ́n á sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìka ọwọ́ dókítà ò tó, sikánì nìkan náà ò tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ẹran yẹn ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gé kókó yín kó sì sọ ọ́ nù. Mo rí obìnrin kan tí wọ́n gé tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdáni kan, garawa ni wọ́n jù ú sí. Nígbà tí kókó mìíràn yọ, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n gé nígbà àkọ́kọ́.

Bí èsì bá ti ní jẹjẹrẹ ni, ó ku àyẹ̀wò kan sí i lórí ẹran kan náà. Ẹ ó rí àmì mẹ́ta lórí ìwé rẹ̀: ER, PR àti HER2. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ bóyá họ́mọ́ọ̀nù ara obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn oníhóró bíi tamoxifen wà, tí a máa ń lò fún ọdún 5 ó kéré tán, owó rẹ̀ ò sì tó ti chemo, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, rárá. HER2 ń sọ bóyá oògùn trastuzumab, tí wọ́n tún ń pè ní Herceptin, máa ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ "negative" sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má bú sẹ́kún torí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Irú jẹjẹrẹ yìí wọ́pọ̀ láàrin àwa obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju láàrin àwọn òyìnbó lọ, ó le lóòótọ́, àmọ́ chemo àti iṣẹ́ abẹ wà fún un. Àwọn kan máa ń fo àyẹ̀wò yìí kí wọ́n lè fowó pamọ́. Oògùn tí kò bá wọn mu ni wọ́n á wá fi owó náà rà.

Ẹ ra fáìlì oníke kan. Gbogbo èsì, sikánì, lẹ́tà dókítà àti rìsíìtì, inú rẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé. Ẹ ya fọ́tò wọn pẹ̀lú, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ yín kan, torí mo ti rí fáìlì tí òjò pa.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀yin ará Yàgbà ní ECWA Hospital ní Ẹ̀gbẹ̀, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Kábà, Ìjùmú àti Bùnú lè gba Ọbájánà dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti máa gba lẹ́tà tí ẹ ó mú lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin tàbí Àbújá. Ní ti àwọn alágbo, mi ò ní bú wọn, àgbo ni wọ́n fi wo èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní kí ẹ má lọ sílé ìwòsàn kí ẹ tó mu tòun tán, ẹ sá fún un. Kókó á ti wọ abíyá kí ìgò àgbo tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ọ́fíìsì kan wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ńlá tí aláìsàn kì í mọ̀: Medical Social Work, àwọn tí a máa ń pè ní wẹ́fíà. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ipò aláìsàn, kí wọ́n bá a kọ̀wé fún ìdínkù owó, kí wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ aláàánú. Wọn kì í wá yín kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè wọn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó di pé ẹ ta ilẹ̀. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti béèrè Cancer Health Fund, owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé-ọmọ tàbí ti próstéètì. National Hospital Àbújá àti UCH Ìbàdàn wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àdéhùn kan tún wà láàrin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, àti ilé-iṣẹ́ oògùn Roche tó dín owó Herceptin kù fún aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn. Kogi náà ní ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó kó mọ́ra àti èyí tí kò kó mọ́ra kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù sínú àkáǹtì òun kó tó bá yín gba ìrànwọ́, olè ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ibi tí aláìsàn máa sùn. Ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ márùn-ún ni láàrin ọ̀sẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lójúmọ́, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé. Ilé wo? Ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní National Hospital Àbújá, ó wà ní UCH, ó wà ní NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019. Ará Mọpà ò lè máa ti ilé lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo mọ ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ńṣì níwájú wọ́ọ̀dù, tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, tó pa ìtọ́jú tì láàárín ọ̀nà nígbà tó ti san gbogbo owó tán. Bó bá ṣe tèmi ni, Okun Development Association àti àwọn ọmọ wa l'Ábújá ì bá gba yàrá méjì sí tòsí ilé ìwòsàn náà fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Owó aṣọ ẹbí ìsìnkú ńlá kan tó o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kó tó dìgbà náà, ẹ wá ẹbí tàbí ọmọ ìjọ tó lè gbà yín sílé kí ẹ tó gba ọjọ́ ìtọ́jú, kí ẹ sì tún pe ilé ìwòsàn lórí fóònù kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹ̀rọ yẹn a máa bàjẹ́.

Ẹ tún wá ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí. Betty Anyanwu-Akeredolu, tí jẹjẹrẹ ọyàn ṣe òun fúnra rẹ̀, ló dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọyàn, sílẹ̀ lọ́dún 1997. L'Ábújá, Project PINK BLUE ń kó àwọn tó ní jẹjẹrẹ jọ, wọ́n sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn tó ti là á kọjá mọ ohun tí dókítà kì í ráyè sọ: bí ẹ ó ṣe dojú kọ ògiri, kí ẹ máa fi ìka rìn sókè díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ kí apá má bàa gan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pé kí ẹ má gbà kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ní apá yẹn láì kọ́kọ́ bi dókítà yín, òwú tí wọ́n ń dì sínú kọ́mú kí bùbá lè jókòó dáadáa. Ti WhatsApp yàtọ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ pé ewé soursop tàbí omi gbígbóná ń wo jẹjẹrẹ ránṣẹ́ sí yín, ẹ wò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ dárúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ra ọjà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, bàbá kan béèrè bóyá Àbújá máa gba èsì tí wọ́n ṣe ní Ìlọrin, àbí ìyàwó òun á tún gba abẹ́rẹ́ mìíràn. Wọ́n sábà máa ń gbà á, àmọ́ wọ́n lè fẹ́ fojú ara wọn wo ẹran náà. Yàrá àyẹ̀wò tó kọ́kọ́ ṣe é máa ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìda kékeré kan tí wọ́n ń pè ní blọ́ọ̀kù. Bàbá, ẹ kọ̀wé béèrè fún un, kí ẹ wò ó pé nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti orí ìwé èsì mu, kí ẹ fi í sínú àpò tí ẹ máa gbé lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ má gbé e síwájú gíláàsì o. Oòrùn Lọ́kọ́ja lè yọ́ ọ.