Ọjọ́ tí Nọ́sù Dí Ni Kí Ẹ Fi Dán Ẹ̀rọ Wò

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò níbi ẹ̀rọ ìṣasẹ́ẹ̀lì, bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀)

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú omi. Bí ẹ̀rọ ìṣasẹ́ẹ̀lì (cell sorter), ẹ̀rọ tí ń ya oríṣi sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, okùn omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń jáde lẹ́nu nọ́sù, ihò kékeré tí omi ń gbà jáde, tó gún régé bí òwú tí wọ́n fà le. Nọ́sù tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 70 máíkírómítà (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), tí wọ́n sì fi ipá 70 psi (òṣùwọ̀n ipá ìtì) tì, ń tu omi yẹn jáde ní nǹkan bí mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n ọ́n ló ń já a sí ẹ̀kán, bíi 90,000 ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 130 máíkírómítà. Ẹ̀kán ńlá nìyẹn. Kíá ló ń wálẹ̀, kò lè rìn jìnnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

Ìyọnu dé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tó dì pọ̀, tàbí iyọ̀ tó gbẹ, bá há sẹ́nu nọ́sù. Kì í sábà dí i pátápátá. Á dí i lápá kan, okùn omi á wọ́, á lọ forí sọ etí ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ. Omi tó ń sáré tó báyẹn, tó wá kọlu irin! Á fọ́ yángá, á di ìkùukùu. Omi ara àwọn ẹ̀kán tín-tìn-tín wọ̀nyí á gbẹ kí ẹ tó ṣẹ́jú, ohun tó wà nínú wọn, títí kan kòkòrò àrùn bó bá wà níbẹ̀, á sì máa fò kiri. Èyí tí kò bá ju máíkírómítà 5 lọ lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Nínú afẹ́fẹ́ tó parọ́rọ́, ẹyọ tó jẹ́ 5 á lo bí ìdajì wákàtí kó tó ti ibi imú ẹni tó dúró já bọ́ sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ 1 á lò ju wákàtí 10 lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì ń fẹ́ ṣe bí nọ́sù bá ti dí ni kó ṣílẹ̀kùn àpótí ìṣà, ibi tí ẹ̀kán ti ń bọ́ sílẹ̀, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, tí n kò sì ní yé sọ ọ́: ìdánwò tí ẹ ṣe nígbà tí okùn omi gún kì í ṣe ìdánwò. Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu lẹ gbọ́dọ̀ fi dán ẹ̀rọ ìfamọ́ afẹ́fẹ́, èyí tí ń fa ìkùukùu kúrò nínú àpótí ìṣà, àti asẹ́ rẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ka ìlànà ààbò ISAC, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa wíwọn sẹ́ẹ̀lì, ti 1997, ti 2007 àti ti 2014, n kò ní kà á jáde níbí. Láyé àtijọ́, kòkòrò T4 tí ń pa bakitéríà ni wọ́n ń sọ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n á tẹ́ àwo tí bakitéríà wà yí ká, wọ́n á dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ka ojú ibi tó ti kú. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì? Ìlẹ̀kẹ̀ tí ń tàn, hóró ike tín-tìn-tín, ló rọ̀ wá lọ́rùn: Glo Germ tó tó máíkírómítà 5, tàbí èyí tí ń tàn àwọ̀ ewé tó jẹ́ 1.

Ẹ fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, ẹ fi asẹ́ olójú 35 tàbí 40 máíkírómítà sẹ́ ẹ kó má baà dì. Ẹ gbé nọ́sù 70 wọlé, ẹ fi ipá 70 psi sí i, torí ibẹ̀ ni ìkùukùu ti ń le jù. Ẹ jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ tó 50,000 máa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yí okùn omi kó máa kọlu etí ihò ìdọ̀tí. Bí ẹ bá tan iná sí i, ẹ ó rí i tó ń fọ́n bí abẹ̀bẹ̀. Bí kò bá fọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ tún un yí. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kọjá lára gíláàsì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ìṣà níta, kó fa ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá fi maikirosíkóòpù wo gbogbo ojú gíláàsì náà láti igun dé igun. Òdo nìkan ni a fẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo níta, ẹ̀rọ ti kùnà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà wá nìyí. Ẹ pa ẹ̀rọ ìfamọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Gíláàsì yìí gbọ́dọ̀ kún fún ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá rí òdo níbí náà, òdo àkọ́kọ́ kò wúlò: ó lè jẹ́ pé ọpá afẹ́fẹ́ ló yọ, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ti rì sísàlẹ̀ túùbù. Àwọn kan ń fi òdo láìsí àfiwé gba ìwé àṣẹ. Àwọn mìíràn á ní, “A ti ń lò ó tipẹ́, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn.” Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ta ló wá ọ̀nà tí àìsàn gbà wọlé débi tí wọ́n fi mọ̀ pé kò wá láti ibẹ̀?

(Níbí ni ẹnì kan láàárín àwùjọ ti nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, inú kábínẹ́ẹ̀tì ààbò, àpótí ńlá tí ń fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́, ni ẹ̀rọ tiwa wà, wọ́n sì ń yẹ kábínẹ́ẹ̀tì náà wò lọ́dọọdún. Ṣé a ṣì nílò ìlẹ̀kẹ̀?”)

Ẹ ṣeun. Ẹ nílò rẹ̀ gan-an ni, mo sì fẹ́ fi ìyókù ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ dáhùn èyí. Ẹni tó ń yẹ kábínẹ́ẹ̀tì wò ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré, ó ń wá ibi tí asẹ́ ti jò, ó sì ń fi èéfín wo ẹnu ọ̀nà iwájú. Bí ó bá ṣe èyí nígbà tí ẹ̀rọ yín wà ní pípa, kábínẹ́ẹ̀tì tó ń sinmi ló yẹ̀ wò. Bí ẹ bá tan lésà, ooru á máa gòkè, fáànù ara ẹ̀rọ á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ lòdì sí ti kábínẹ́ẹ̀tì, ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì lè bo ojú ihò tó wà níwájú. Torí náà, ẹ tan ohun gbogbo kí wọ́n tó wọn ohunkóhun.

Ẹ ya àwọn ààbò náà sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ ìfamọ́ wò nígbà tí kábínẹ́ẹ̀tì wà ní pípa. Ẹ wá pa ẹ̀rọ ìfamọ́, kí kábínẹ́ẹ̀tì nìkan máa ṣiṣẹ́, kí ẹ gbé gíláàsì síta ẹnu ọ̀nà ní gíga imú ẹni tó jókòó. Bí ẹ bá ń tan méjèèjì pọ̀ nígbà gbogbo, ọ̀kan lè ti kú, kí èkejì máa bò ó láṣìírí.

Alága ti ń fi aago hàn mí, ẹ jẹ́ kí n yára. Ẹ tún ìdánwò ṣe bí wọ́n bá pààrọ̀ asẹ́ tàbí tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ kọ iye tí òṣùwọ̀n ìfamọ́ fi hàn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí asẹ́ jẹ́ tuntun, kí ẹ lè mọ ìgbà tó ń dí. Bí nọ́sù bá dí, ẹ dá omi dúró, ẹ fi ìfamọ́ sórí agbára tó ga jù, kí ilẹ̀kùn wà ní títì fún iye ìṣẹ́jú tí ìlànà yàrá yín sọ. Omi ìdọ̀tí ń jáde ní bíi mílílítà 420 ní wákàtí kan. Bílíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú kẹ́ẹ̀gì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lítà 1 fún kẹ́ẹ̀gì lítà 10, kí ó lè jẹ́ ìdá mẹ́wàá nígbà tó bá kún. Bó bá kún, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dà á nù.