Wọ́n Ra Ẹgbẹ́, Wọn Ò Ra Olólùfẹ́: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Oníbọ́ọ̀lù Sọ ní Ọ̀fà

Ẹ̀yin àgbà Ọ̀fà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wọ jẹ́sì Chelsea, Arsenal àti Man U wá, ẹ kú ìjókòó. Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn níbí. Bí ọmọ agboolé kan bá gbé ẹlòmíì ṣánlẹ̀, agboolé rẹ̀ ló ni ayọ̀ náà. Kò sí olówó tó lè ti òkèèrè wá ra agboolé yẹn, kó sì ta akọni wọn fún agboolé kejì torí kí ìṣirò owó rẹ̀ lè gún lọ́dún náà. Nínú bọ́ọ̀lù, ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí Chelsea, torí jẹ́sì wọn ló pọ̀ jù níwájú mi. Ní oṣù Karùn-ún 2022, Todd Boehly àti ilé iṣẹ́ Clearlake láti Amẹ́ríkà gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ Roman Abramovich ní bílíọ̀nù 2.5 pọ́n-ùn. Nígbà tó máa fi di oṣù Kìn-ín-ní 2023, wọ́n ti ra Enzo Fernández ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 107, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́jọ àbọ̀. Mudryk, agbábọ́ọ̀lù mìíràn tí wọ́n rà lóṣù yẹn, náà gba ọdún mẹ́jọ àbọ̀. Ariwo tí ẹ pa nílé ìwòran lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àdéhùn fi gùn tó bẹ́ẹ̀? Tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù, ìwé owó ẹgbẹ́ kì í ka gbogbo iye rẹ̀ sí ìnáwó ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n á pín in káàkiri ọdún tí àdéhùn rẹ̀ ní. Mílíọ̀nù 107 lọ́nà márùn-ún, ó lé ní 21 lọ́dún. Lọ́nà mẹ́jọ àbọ̀, kò ju bíi 12 àbọ̀ lọ. Owó kan náà ni, ó kàn fúyẹ́ lórí ìwé. Ní 2023 kan náà ni UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, fòfin de pípín tó bá kọjá ọdún márùn-ún.

Ibi tó dùn mí ló kàn, ẹ má sì bínú tí mo bá pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ẹgbẹ́ tọ́ láti kékeré, wọn ò fowó rà á, nítorí náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á, gbogbo owó rẹ̀ ni wọn yóò kọ sílẹ̀ bí èrè. Ọmọ ilé ni ọjà tó pé jù nìyẹn! Mason Mount wà ní Chelsea láti ọmọ ọdún mẹ́fà, ó wà nínú àwọn tó gba Champions League ní 2021. Ní 2023 wọ́n tà á fún Manchester United. Conor Gallagher náà dàgbà síbẹ̀, òun náà ló ń di okùn balógun mọ́wọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje. Ní 2024, ó dèrò Atlético Madrid. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó ń sunkún lórí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ya òpè. Ó rí i pé ẹni tó jọ òun jù nínú ẹgbẹ́ ni ìwé owó kọ́kọ́ ń lé jáde.

Àwọn kan wà lórí rédíò tó máa ń sọ pé òwò ni òwò, kí olólùfẹ́ sanwó, kó panu mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò ní laakaye ni. Bí gbogbo olólùfẹ́ bá dìde kúrò lórí àga, kí ni Boehly rà? Koríko àti símẹ́ǹtì.

Àwọn ará Strasbourg ní Faransé mọ èyí. Àwọn tó ni Chelsea ra ẹgbẹ́ wọn ní 2023. Ní sáà 2024 sí 2025, àwọn alátìlẹ́yìn tó máa ń lù, tó máa ń kọrin, pinnu pé ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ìdíje, àwọn ò ní lanu, kí wọ́n lè fi ìbínú wọn hàn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n gbọ́ pé Emegha, balógun wọn, ti ṣàdéhùn láti lọ sí Chelsea. Ẹgbẹ́ tó ti wà kí wọ́n tó bí baba wọn ti di oko tí wọ́n ti ń tọ́ ewé fún ọbẹ̀ ẹlòmíì.

Alága ń fi aago hàn mí. Kí n sáré. Man U: ìdílé Glazer rà á ní 2005 ní mílíọ̀nù 790 pọ́n-ùn, gbèsè tí wọ́n jẹ láti rà á, orí ẹgbẹ́ náà ni wọ́n gbé e lé. Jámánì: òfin wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ìdajì ìbò àti ẹyọ kan lé, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ bíi mélòó kan. Nígbà tí líìgì wọn fẹ́ mú olùdókòòwò wọlé, olólùfẹ́ ń ju bọ́ọ̀lù tẹníìsì sórí pápá títí wọ́n fi jáwọ́ ní oṣù Kejì 2024.

Ibẹ̀ ni bàbá kan lẹ́yìn ti nawọ́. Ó ní: “Tísà, ṣé àjèjì ni ìṣòro yín ni? Òyìnbó ló ni Leventis United ní Ìbàdàn, a sì fẹ́ràn wọn. Kúnlé Ṣónámẹ̀ tiwa náà ra ẹgbẹ́ Feirense ní Portugal ní 2015. Ṣé olè ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè é níbẹ̀?”

Mo pa ìwé mi dé. Òótọ́ ni bàbá sọ. Feirense wọ líìgì àgbà Portugal ní 2016, ọdún yẹn náà ni Etebo, agbábọ́ọ̀lù wa, kúrò ní Warri lọ bá wọn. Ṣónámẹ̀ yìí kan náà ló ni Remo Stars tó gba líìgì wa ní 2025. Leventis gba líìgì ní 1986. Ní 1987, ilé iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká, kò sẹ́ni tó bi olólùfẹ́ kankan léèrè. Ẹ ò ní sọ pé àjèjì ni Abíọ́lá tó ni ẹgbẹ́ Abiola Babes. Rashidi Yekini ọmọ Ìrá, ìlú tó wà nítòsí wa níbí, wọ jẹ́sì Abiola Babes. Níbo ni Abiola Babes wà lónìí? Mo fa ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn: ẹ jẹ́ ká yọ “àjèjì” kúrò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ ará Ìlọrin, lè jí lówùúrọ̀ kó ta ọmọ wa tàbí kó ti ẹgbẹ́ pa, láìsí ẹni tó lè sọ pé rárá.

Ẹ wá wo Kwara United. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, òun ló gba ife Federation Cup ní 2025. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tà á lọ́la, kí a tó pàtẹ́wọ́, ó yẹ kó wà nínú ìwé pé orúkọ àti àwọ̀ jẹ́sì kò ṣeé yí láìjẹ́ pé olólùfẹ́ dìbò, pé aṣojú wọn wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ta ni a ó tà, àti pé bí wọ́n bá ta ọmọ tó ti Kwara Football Academy wá, apá kan owó rẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ.

Bàbá yẹn kò tíì jókòó. Ó ní: “Ta ni yóò wá san owó oṣù?” Mo ní olówó ni, ìdí tí a fi ń tà á fún un nìyẹn, kó sì jẹ èrè rẹ̀. Ó ní olówó wo ló máa gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ní èyí tí kò bá lè gbà á ni kò yẹ ká tà á fún.