Àwòrán Ẹranko Tí Wọ́n Fọwọ́ Kùn: Kí Ni Ká Wò Ká Tó Rà Á?

Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ayékòótọ́ Carolina lẹ̀ ń wò yìí, ó wà nínú Birds of America, ìwé àwòrán ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ayàwòrán John James Audubon ṣe. Ẹyẹ yìí ò sí láyé mọ́. Ọdún 1918 ni èyí tó gbẹ̀yìn nínú àgò kú, nílùú Cincinnati, ní Amẹ́ríkà.

Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e lórí. Ìlà dúdú tín-ín-rín ló wà nísàlẹ̀, àwọ̀ ewé sì tẹ́ lé e lórí bí omi. Lẹ́bàá ìyẹ́ yìí, àwọ̀ náà rékọjá ìlà díẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn nìyẹn! Bó bá jẹ́ àmì tó-tò-tó wẹ́wẹ́ tó bára wọn dọ́gba lẹ rí, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́.

Láàárín 1827 sí 1838 ni wọ́n tẹ àwòrán 435 yìí jáde. Robert Havell ló fín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sára bàbà, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwọn tó ń kun àwòrán á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Audubon fẹ́ kí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tóbi bó ṣe tóbi láyé. Bébà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà kan, síbẹ̀ flamingo, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn, ní láti tẹ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ kó tó gbà á.

Ẹ gbé bébà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Níbi tí bàbà ti tẹ̀ ẹ́, etí àwòrán máa ń jìn wọnú. Àmọ́ ẹ má ṣe tìtorí àìsí àmì yìí ju àwòrán John Gould, ará Gẹ̀ẹ́sì tóun náà ṣe ìwé àwòrán ẹyẹ, nù o. Orí òkúta ni wọ́n ti ya tirẹ̀. Ẹ tún nà án sókè níwájú fèrèsé: orúkọ J WHATMAN, ilé iṣẹ́ tó ṣe bébà, àti ọdún lè hàn nínú bébà Havell. Ọdún bébà nìyẹn, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ àwòrán.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àwọ̀ ewé àtijọ́ tí wọ́n fi bàbà ṣe a máa jẹ bébà, a sì hàn lẹ́yìn bí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i, torí ó ṣòro kí ẹni tó kùn ún láìpẹ́ yìí rí irú rẹ̀ ṣe.

Tó bá ti di tiyín, ẹ má fi omi nù ún láéláé, ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń bà á. Àwọ̀ tó bá ti ṣá kò ní padà.