Àwọn Wo Ni Wọ́n Fi Wé? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Àyẹ̀wò Bàbá Ọmọ, Òṣogbo

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú ìjókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá mú èsì àyẹ̀wò DNA wálé, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dá wọn lójú dé ìwọ̀n 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún pé ọkùnrin báyìí ni bàbá ọmọ, ẹ bi í pé: àwọn wo ni wọ́n fi wé? Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí nìyẹn.

Àmì tí ilé àyẹ̀wò ń lò jù ni STR. Ibì kan ni lára DNA tí ìwọ̀nba lẹ́tà ti ń tún ara wọn pè léraléra. Ó lè jẹ́ ìgbà 8 lára ẹnì kan, kó jẹ́ 11 lára ẹlòmíràn. Ọmọ ń gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá, ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá. Ká ní a ti yọ ti ìyá, 8 ló kù, ọkùnrin tí à ń yẹ̀ wò sì ní 8 lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá jẹ́ pé láwùjọ rẹ̀, ẹyọ kan nínú 20 ló ń jẹ́ 8, ìlọ́po 20 ni ẹ̀rí yẹn wúwo. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú 4, ìlọ́po 4 péré ni. Ọkùnrin kan náà, ọmọ kan náà! Báwo wá ni ẹ ṣe máa fi ìwé tó ń sọ bí àmì ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín àwọn ará Yúróòpù wọn ẹni tí wọ́n bí sí ìtòsí Ọjà Ọba níbí?

Àwọn tó ń ta àyẹ̀wò yìí máa ń ní kò ṣe nǹkan kan, pé bí àmì bá ti tó 20, kò sí ìwé tó lè yí ìdájọ́ tó bá jáde padà. Bí ìyá, ọmọ àti bàbá bá pé síbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ìyá máa ń wà níbẹ̀? Ọkùnrin á yọ́ mú ọmọ lọ, ìyá ò ní í gbọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé ìṣirò wọn ka ẹlòmíràn tó lè bí ọmọ náà sí àjèjì pátápátá. Nínú agbo ilé, àbúrò ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan náà máa ń pín nǹkan bí ìdajì DNA wọn. Ẹjọ́ tí DNA kọ́kọ́ yanjú ní 1985 gan-an, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ọmọkùnrin kan tó ti Gánà padà sí Ìlú Ọba ni. Àwọn aṣọ́bodè ní ó lè jẹ́ ọmọ arábìnrin obìnrin tó ń pè ní ìyá rẹ̀. Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ìlú Ọba, fi hàn pé ọmọ obìnrin náà ni lóòótọ́, bàbá kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ láti yẹ̀ wò: ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ló fi ṣe é.

Ibí yìí ni ìyá kan lẹ́yìn ti dìde: "Ọ̀gá, A ni ẹ̀jẹ̀ mi, B ni ti ọkọ mi, O ni ọmọ wa. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní ìta ni mo ti gbé e wá."

Mama, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tó jẹ́ A lè gbé O pamọ́ sára, ẹni tó jẹ́ B náà lè gbé e. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fún ọmọ ní O yẹn, O ni yóò jẹ́. O ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín Yorùbá, nítorí náà èyí tó fara pamọ́ pọ̀ nílé wa. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè mi náà la padà sí? Irú ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé ọkùnrin kan kọ́ ni bàbá. Kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni. Genotype náà rí bẹ́ẹ̀: AS àti AS lè bí AA. Ó dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ń tú ilé.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Kí n yára sọ ti SNP: lẹ́tà ẹyọ kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré sí ti STR, nítorí náà ó gba kí wọ́n pọ̀ gan-an, àmọ́ wọn kì í ṣàdédé yí padà bíi STR, wọ́n sì dára fún egungun tó ti bàjẹ́. Kí wọ́n ṣáà má ṣe yan àwọn tó jẹ́ pé Yúróòpù nìkan ni wọ́n ti ń yàtọ̀. Àwáwí ò sí: Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ìdílé Yorùbá 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí DNA àwọn ènìyàn ti yàtọ̀ síra, tó jáde ní 2005, gbogbo ayé sì ń lò ó.

Ẹ̀yin tí èsì yín sọ pé àmì kan ṣoṣo ni kò bára mu, ẹ má lé ọmọ jáde o. STR lè yí padà láàárín bàbá sí ọmọ. Ẹ padà lọ bá wọn, kí wọ́n fi àmì kún un, kí ìyá náà sì tẹ̀ lé yín lọ.