Páńkéèkì Olówó Pọ́ọ́kú Fún Gbogbo Ilé: Ibi Tí Kókó Ti Ń Wọ̀ Ọ́

Ẹ káàbọ̀ o. Páńkéèkì la fẹ́ dín lónìí, páńkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tiwa tó ní ata àti àlùbọ́sà nínú, kì í ṣe èyí tó wú bíi búrẹ́dì tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Nítorí náà, ẹ gbé bekin páúdà yín pamọ́.

Fúláwà kọ́ọ̀bù 2, ẹyin 2, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 3, mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ṣíbí ìjẹun 2, òróró ṣíbí ìjẹun 2, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Omi á tó bíi kọ́ọ̀bù 2, kọ́ọ̀bù tí ẹ fi wọn fúláwà náà ni kí ẹ fi wọn omi. Á tó nǹkan bí 12 nínú páànù kékeré. Ẹyin ti wọ́n? Ẹ lo 1. Á tètè máa ya nígbà tí ẹ bá ń yí i, torí náà ẹ dín in kéékèèké. Mílíìkì ò sí? Kò sí ẹjọ́. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì ni òórùn rẹ̀ máa ń dé yàrá kejì, ṣùgbọ́n ẹ rín díẹ̀ péré sí i o, tó bá pọ̀ á korò.

Ó yá, ẹ sún mọ́ mi, ibi tí ẹ ti máa ń bà á jẹ́ nìyí. Ẹ óò da fúláwà sínú abọ́, ẹ óò wá da gbogbo omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ̀ọ̀! Ó parí. Kókó dé nìyẹn. Bí omi bá kan fúláwà, ara rẹ̀ á di lẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀ yẹn á sì bo èyí tó gbẹ nínú, omi ò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Kókó àmàlà gan-an ni: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀lúbọ́ gbígbẹ á tú jáde. Báwo lẹ ṣe ń fọ́ ti àmàlà? Ìgbà tó bá ki lẹ máa ń fi ọmọrogùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò. Ta ló ń fọ́ kókó nínú omi? Ṣe ni kókó á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri, tí á máa sá fún fọ́ọ̀kì yín.

OMI DÍẸ̀ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ DÀ. Mo tún un sọ: OMI DÍẸ̀!

Ẹ lu ẹyin, ṣúgà, iyọ̀, mílíìkì àti òróró pọ̀ mọ́ omi tí kò tó kọ́ọ̀bù 1. Ẹ gbẹ́ ihò sáàárín fúláwà, ẹ dà á síbẹ̀, kí ẹ máa rò ó láti àárín bọ̀ síta, títí á fi ki bí ẹ̀wà lílọ̀ tí a fẹ́ fi dín àkàrà. Ibí yìí ni kí ẹ ti rò ó dáadáa, kó jọ̀lọ̀. Ìgbà náà lẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bu omi yòókù sí i díẹ̀díẹ̀, títí á fi máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ ti ṣì í ṣe? Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má fi ìbínú lù ú o, bí ẹ bá lù ú jù, á máa fà bíi rọ́bà.

Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 20. Fúláwà á mu omi, á sì ki sí i, ẹ lè fi omi díẹ̀ kún un. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ gé ata rodo 1 àti àlùbọ́sà ìlàjì. Wẹ́wẹ́ ni o! Àlùbọ́sà ńláńlá ló máa ń ya páńkéèkì. Ẹ wá da ata àti àlùbọ́sà náà sínú fúláwà tí ẹ pò, kí ẹ rò ó pọ̀.

Iná, kó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ ta omi sínú páànù: tó bá hó ṣáá tó sì gbẹ, ó ti tó. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún àlùbọ́sà ìlàjì tó ṣẹ́kù, ẹ tì í bọ òróró, kí ẹ fi pa inú páànù. Ìyẹn ti tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da òróró bí ẹni fẹ́ dín dòdò, ẹ rọra, owó yín lẹ ń dín.

Ẹ da ṣíbí ọbẹ̀ kan sí i, ẹ gbé páànù, ẹ yí i kí ó tàn ká. Ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ FI Í SÍLẸ̀! Ẹ wo ojú rẹ̀: ó ṣì ń dán, ó tutù. Nígbà tí dídán yẹn bá lọ tán, tí etí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra fúnra rẹ̀, ẹ yí i. Ẹ̀yìn kejì ò gbà ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Iná tó pọ̀ jù á jó ìsàlẹ̀ nígbà tí òkè ṣì tutù. Iná tó kéré jù á gbẹ ẹ́ títí á fi le. Ti àkọ́kọ́ kì í sábà dára, ẹ fi mọ bí iná ṣe rí ni. Àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ máa tò wọ́n léra, kí ẹ fi abọ́ dé e, ooru wọn á rọ etí tó ti gan. Èyí tí ẹ ò bá dín tán lè wà nínú fíríìjì di ọ̀la. Á ti ki, ẹ bu omi sí i kí ẹ tún un pò. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ dín gbogbo rẹ̀ tán lónìí.